Òṣùwọ̀n Oníkábéèjì

Lirio tutọ́ sínú ìgò, itọ́ náà kò sì já. Ó fà láti ètè rẹ̀ bí omi ilá, ó nípọn, ó pọ́n díẹ̀ nítorí èso gbígbẹ tó ń lá lẹ́nu, ó so rọ̀ síbẹ̀ títí Delfin Sagayo fi na ìka tó bá a já a. Ó nu ìka náà mọ́ ṣòkòtò. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń nu irú itọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ti ara rẹ̀ nígbà tó ṣì ń jà, ti àwọn tó ń kọ́ níjà nígbà tó di kóòṣì, kò sì sí ọjọ́ kan tó rí i lára. Láàárọ̀ yìí, nínú balùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Manila, ó rí i lára. Ó gbé itọ́ tirẹ̀ mì, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni. Kó tó di aago mẹ́wàá, ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ fi kílò kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ sí i. Omi gbígbóná tó jókòó sínú rẹ̀ mù ún dé àgbọ̀n, àpò iyọ̀ méjì ló wà nínú omi náà, ooru rẹ̀ sì ti jẹ́ kí ògiri máa sun omi. Ibẹ̀ ń rùn. Òógùn ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ ọ̀rá tó fi sáré lálẹ́ àná kí òógùn lè jáde, tí wọ́n ju sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àti champoy tó ń lá, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ di òórùn kan tí kò lórúkọ. Champoy ni èso oníyọ̀ yẹn. Ọmọdé là ń rà á fún lọ́dọ̀ wa; àwọn oníjà ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń fa itọ́ jáde kí ara lè fúyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjà inú kéèjì, inú àgò onírin, ṣe rí, kó má wulẹ̀ wo iná àti orin tí wọ́n fi ń mú wọn wọlé. Kó wá síbí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Lirio Bayeng, ọmọ àgbẹ̀ oníkábéèjì láti La Trinidad, ní àárín òkè wa. Tó bá gun òṣùwọ̀n laago mẹ́wàá tí kò kọjá kílò méjìléláàádọ́ta, yóò jà lọ́la. Tó bá borí lọ́la, ìjà tó kàn ni ti bẹ́líìtì tí wọ́n ń fún ọ̀gá gbogbo wọn, kò sì tíì sí obìnrin òkè wa tó dé ibẹ̀ rí. Àmọ́ tó bá kọjá, ìjà ti fọ́ nìyẹn, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò rẹ̀ á sì fa ìwé àdéhùn rẹ̀ ya. Wọ́n ti fa ti àwọn méjì ya lọ́dún yìí. Lirio mọ ọ̀kan nínú wọn, ó ti padà sídìí ẹja títà.

Kò yẹ kó rí báyìí rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé, òṣùwọ̀n jíìmù tí Delfin ti ń kọ́ wọn níjà sọ pé kílò mẹ́tàléláàádọ́ta péré ni Lirio, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Lálẹ́ àná, wọ́n gun ti òtẹ́ẹ̀lì, ó ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Wọ́n rò pé ó bàjẹ́ ni. Wọ́n ra àpò ìrẹsì kílò márùn-ún kan wá láti ìsàlẹ̀, wọ́n gbé e lé e, ó sọ pé márùn-ún géérégé. Ìgbà yẹn ni Delfin rántí ibi tí òṣùwọ̀n jíìmù ti wá, ó sì jókòó sílẹ̀.

Osmundo, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló fún un. Osmundo ń ra kábéèjì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń kó o wá sí Manila. Ta ni kò sì mọ òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́dọ̀ wa? Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ebi kì í kúrò nínú rẹ̀. O gbé ọgọ́ta kílò lé e, yóò sọ fún ọ pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ẹni tó ń rà á yóò sì tún bú ọ pé kábéèjì rẹ kò lómi nínú. Nígbà tí Osmundo ra tuntun lóṣù tó kọjá, ó fi èyí àtijọ́ ta jíìmù lọ́rẹ, wọ́n sì ya fọ́tò pọ̀. Bàbá Delfin fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣépè fún irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Delfin, ọmọ rẹ̀, ló gbé e ti ògiri tó ń gbé ọmọ ènìyàn lé e. Ó ti gùn ún fúnra rẹ̀ rí, ó bá a pé òun ti fọn kílò mẹ́ta, inú rẹ̀ dùn, ó lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ta ló ń bá òṣùwọ̀n tó ń yìn ín jà?

Èyí tó burú jù ni pé orí òṣùwọ̀n yẹn gan-an ni bàbá Lirio ti ta kábéèjì fún Osmundo fún ọdún mọ́kànlá. Ó jẹ bàbá, ó tún wá jẹ ọmọ. Delfin kò sọ èyí fún Lirio. Ohun tó sọ fún un ni pé òṣùwọ̀n jíìmù ti ń gbó, pé kó má ronú, pé àwọn á jọ ṣe é. Nígbà tó ń sọ ọ́, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Aago méje kọjá díẹ̀ nígbà tí Villaruz kanlẹ̀kùn, ó sì wọlé kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Òun ni aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ Manila tí ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun lóòótọ́. Òórùn ìrẹsì dídín alálùbọ́sà àti ẹran dídín bá a wọlé. Lirio gbọ́ òórùn náà, ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó padà sílẹ̀, kò sì rí nǹkan kan gbé mì. Villaruz kò kíyè sí i. Ó fa fóònù yọ, ó ya ìgò itọ́ ní fọ́tò, ó ní àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa rí ìyà tó wà lẹ́yìn ògo.

"Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ," ló wí. "Ìtàn yín ni mo fi ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí wí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Delfin rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ń yìn tó ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Lónìí ló kọ́kọ́ rí i fúnra rẹ̀, nínú dígí balùwẹ̀ tí ooru ti bò dé ìdajì, ó sì kórìíra rẹ̀ bí ẹni tó rí aáyán nínú ọbẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà lọ́dọ̀ wa. Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, Delfin Sagayo, ọmọ àgbẹ̀, dákú nínú balùwẹ̀ kan nígbà tó ku kílò kan kó pé ìwọ̀n. Baldo, kóòṣì rẹ̀, gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó jí, ó dìde, ó wọ aṣọ ọ̀rá padà, ó sáré fún wákàtí kan sí i, ó gun òṣùwọ̀n, ó pé géérégé. Lọ́jọ́ kejì, ó gba bẹ́líìtì. Ó jà títí eékún rẹ̀ fi kọ̀ fún un, ó padà sílé, ó ṣí jíìmù sí òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ajílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàgàrà sí ara ògiri ibẹ̀ pé ARA LÓ Ń DÁKÚ, ỌKÀN KÌ Í DÁKÚ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù. Àwọn ilé-ìwé máa ń pè é kó wá sọ ọ́, ó sì mọ ibi tó ti yẹ kó dánu dúró díẹ̀ kí àwọn olùkọ́ lè nu ojú. Lirio gbọ́ ọ níléèwé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló wá sí jíìmù, pẹ̀lú ọwọ́ tí ọkọ́ ti mú le àti amọ̀ oko lẹ́sẹ̀.

Villaruz lọ. Òórùn oúnjẹ rẹ̀ kò bá a lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ, Delfin fà á jáde nínú omi, ó gbé e lé òṣùwọ̀n: mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ku kílò kan. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lé e, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ kí òógùn lè jáde, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ooru, lẹ́yìn náà ìdì, òógùn á sì máa ṣàn bí omi òrùlé. Ó jókòó tì í. Ó dúró. Òógùn kò jáde.

Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi kan ọrùn rẹ̀. Ibẹ̀ gbẹ, ó sì gbóná bí páànù tí oòrùn pa. Ẹ̀jẹ̀ ń lù kìkì lábẹ́ ìka rẹ̀, ó ń sáré láìní ibi tó ń lọ. Ètè ọmọ náà ti là sí mẹ́ta, èérún funfun sì gbẹ sí igun ẹnu rẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà, ó ká kò, ó sọ nǹkan kan ní èdè abúlé wọn, kì í ṣe Delfin ló ń sọ ọ́ fún, màmá rẹ̀ ni. Delfin ti gbọ́ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú mìíràn tí òógùn rẹ̀ gbẹ báyìí. Pósí ni wọ́n fi gbé e padà sílé.

"Ó tó," ni Delfin wí. "A ti parí. Jẹ́ n bu omi wá."

Lirio lajú. "Mélòó ló kù?"

"Kílò kan."

"Kílò kan náà ló ku ẹ̀yin náà." Ohùn rẹ̀ há bí ohùn arúgbó. "Ẹ gbá mi létí, Ẹ̀gbọ́n."

Delfin rò pé orí rẹ̀ ló ń dà rú. Kò dà rú. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń wò ó pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń rán èèyàn létí ohun tó gbàgbé lọ́jà.

"Bí Kóòṣì Baldo ṣe gbá yín," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni."

Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa dùn gbọ́: ó gbá a. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ kí ọkàn rẹ̀ tó tẹ̀lé e, nítorí ọwọ́ náà ti gbọ́ ìtàn yẹn láìmọye ìgbà, ó sì mọ ipa tirẹ̀. Ó gbá ọmọ tó nà sílẹ̀, tí òùngbẹ fẹ́ pa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kò tilẹ̀ pọ́n, ẹ̀jẹ̀ tó máa mú un pọ́n kò sí nítòsí. Lirio pa ojú dé, ó sì là á.

"Ó ku ẹyọ kan," ló wí.

Delfin fi eékún wọ́ dé ìdí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì bì. Kọfí àárọ̀ ló jáde, lẹ́yìn rẹ̀ òróòro kíkorò, lẹ́yìn rẹ̀ afẹ́fẹ́ lásán. Ó di etí àwo náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ wà nínú òórùn ara rẹ̀, ara rẹ̀ sì kọ gbogbo nǹkan: ìgò itọ́, Villaruz àti fóònù rẹ̀, Osmundo àti kábéèjì rẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ń nu ojú, ẹ̀wù tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí láyà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Delfin ti máa ń rò pé bí ọjọ́ náà bá dé, ọ̀tá ni yóò gbé e wá, ní gbangba, òun yóò sì ti rí èsì fọ̀. Kò mọ̀ pé ìdí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò ti bá òun.

"Irọ́ ni," ló wí, kò yíjú padà.

"Kí ni irọ́?"

"Mo dákú lóòótọ́. Baldo gbá mi létí lóòótọ́, mo sì jí. Àmọ́ nígbà tó jáde lọ wá aṣọ ọ̀rá, mo wọ́ lọ sídìí bèsìn, mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo sì fẹnu sí i. Ẹ̀rù ikú bà mí, Lirio. Mo mu títí ikùn mi fi ń dún. Kó tó padà dé, mo ti wọn kílò méjì sí i."

Lirio sọ pé òun ti wo fídíò náà, pé ó gun òṣùwọ̀n, pé ó pé, pé gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Mo bọ́ra síhòòhò," ni Delfin wí. "Wọ́n na aṣọ ìnura síwájú mi kí wọ́n má bàa rí mi. Baldo di igun kan mú, ẹlòmíràn di èkejì. Mo gbé ọwọ́ lé etí aṣọ náà, mo sì fi ara tẹ̀ ẹ́. Ohun tí àwọn yẹn bá mi gbé, òṣùwọ̀n ò rí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo bá ẹni tó gbẹ bíi tìrẹ yìí jà. Omi wà lára mi, kò sí lára rẹ̀. Mo lù ú títí tí ojú rẹ̀ fi dí."

Ìgbà tó sọ èyí tán ló tó lè yíjú padà. Ó rò pé òun máa bá a níbi tó ti ń sunkún, àmọ́ omi tí èèyàn fi ń sunkún kò sí lójú rẹ̀. Ó ti gbé ara rẹ̀ dìde, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, bùláńkẹ́ẹ̀tì ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ní èjìká rẹ̀. Ó ń wò ó. Delfin mọ irú ojú ìríra yẹn, òun náà ló ti fi ń wo nǹkan láti àárọ̀.

"Òṣùwọ̀n jíìmù ńkọ́?" ló bi í. "Ti Osmundo ni, àbí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Màmá mi ló fi ìṣó họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá Osmundo jà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ gbé e dé jíìmù ni mo ti rí ibi tó họ."

"O mọ̀ ọ́n? Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀," ni Lirio wí. "Mo ní ẹ ò lè gbé e síbẹ̀ láì tún un ṣe."

Delfin lọ bu omi, ó po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀, ó gbé ife náà sí i lẹ́nu gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo wọn. Lirio gba ife náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì omi náà dà sí i láyà, àmọ́ kò jẹ́ kó bá òun dì í mú. Ó mu díẹ̀, ó bì í. Ó tún mu. Nígbà tí ife kìíní tán, ó nà án sí i láìwo ojú rẹ̀, Delfin sì tún bu òmíràn. Ó tó ìlàjì wákàtí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ife lẹ́yìn ife. Lirio ní kó pe dókítà òtẹ́ẹ̀lì. Dókítà wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bú Delfin ní ohùn jẹ́jẹ́, Delfin sì gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí dókítà fi máa lọ, òógùn ti yọ díẹ̀ ní iwájú orí ọmọ náà. Delfin rí i, orí rẹ̀ wú.

Villaruz padà wá nígbà tó ku ìṣẹ́jú ogún kí aago mẹ́wàá lù. Ó ti gbọ́. Inú rẹ̀ kò dùn, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó máa ń jẹ́ kí ìbínú ba iṣẹ́ jẹ́. Ó fa Delfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọ̀nà kan ṣì wà, ló wí. Kí ọmọ náà má gun òṣùwọ̀n rárá. Kí dókítà kọ ọ́ pé ibà ló ń ṣe é. Ẹni tí ibà mú kò rú òfin, ìwé àdéhùn rẹ̀ á wà bó ṣe wà, wọ́n á wá ọjọ́ mìíràn fún un. Òun fúnra rẹ̀ á bá dókítà sọ ọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó bínú.

Kí n má parọ́, ó wọ Delfin lára. Gbogbo ohun tí ọmọ náà fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ fún ló wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ibà. Ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ti ń mi orí pé ó dáa kó tó mọ̀ pé òun ń mì í. Ó yíjú láti lọ sọ fún Lirio.

Lirio ti wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ògiri òtẹ́ẹ̀lì náà fẹ́lẹ́. Ó ní òun kò ní ibà.

"Ọ̀gbẹ́ni Villaruz, ẹ ṣeun," ló wí. "Mo ń bọ̀ nísàlẹ̀."

Delfin sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí kóòṣì, pé kó ronú, pé wọ́n máa fa ìwé náà ya, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, òṣùwọ̀n ló tàn án, òun gan-an ló tàn án, èwo ló wá kàn án tó fi máa lọ fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀ níwájú àwọn àjèjì? Ó sọ púpọ̀. Lirio jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wá wí, "wọ́n ti wọn nǹkan wa lọ́nà tí kò pé tó. Mo fẹ́ gbọ́ iye tí mo jẹ́."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń fi ọwọ́ kan ògiri bó ṣe ń rìn lọ sí ibi ẹ̀rọ agbéniròkè, Delfin sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Yàrá tí wọ́n ti ń wọn wọ́n kò tóbi. Iná pọ̀ níbẹ̀, èèyàn bí ogójì, ẹ̀rọ ayàwòrán mẹ́rin. Ọmọ Japan tó yẹ kí wọ́n jọ jà ti gun òṣùwọ̀n tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti pé, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ojú tó ti wọnú, ó ń mu omi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń lo oògùn. Wọ́n pe Lirio. Wọ́n pè é pẹ̀lú orúkọ La Trinidad, àwọn ará ilé wa tó wà níbẹ̀ sì hó yèè.

Ó bọ́ bàtà. Ó gùn ún.

Àgbàlagbà tó ń ka òṣùwọ̀n wo nọ́ńbà náà, ó gbé ojú sókè, ó sì wo Lirio pẹ̀lú àánú. Ó sún mọ́ ọn, ó sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ó lè sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó kà á, pé ó lè bọ́ aṣọ, kí wọ́n na aṣọ ìnura síwájú rẹ̀, kó tún gbìyànjú. Wọ́n ṣì ń fún ẹni tó bá kọjá ní wákàtí kan sí i. Kóòṣì rẹ̀ lè wá bá a di aṣọ náà mú.

Delfin ti ṣísẹ̀ kan síwájú. Lirio kò wo apá ibi tó wà.

"Rárá, Bàbá," ló wí. "Ẹ kà á."

"Kílò márùndínlọ́gọ́ta," ni bàbá náà kà.

Kò dún sókè tó, Lirio sì ní kó tún un kà sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó tún un kà. Yàrá náà mí kanlẹ̀. Ẹnì kan pòṣé, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì sọ pé ó dà bí ẹni pé kábéèjì kò wọ́n lókè mọ́ lọ́dún yìí, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ sì bá a rẹ́rìn-ín. Villaruz ń tẹ fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán ń ṣẹ́jú, ọmọ Japan náà sì dá omi mímu dúró, ó ń wò ó.

Lirio kò sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ètè rẹ̀ tó là sí mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fi kan ohunkóhun. Ó dúró títí bàbá náà fi rí bírò rẹ̀, títí tó fi kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, títí tó fi fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Delfin Sagayo gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì nígbà tó ń jà, ó sì ti mú ọmọ bí ọgbọ̀n gùn ún láti ìgbà tó ti di kóòṣì. Ó wo ẹsẹ̀ Lirio lórí irin náà, méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gbọnin, kò sí ìka tó ká sókè. Ó ti kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń ṣubú, bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀ṣẹ́ láì ṣẹ́jú, ó sì mọ̀ pé èyí tí òun ń wò yìí, òun kọ́ ló kọ́ ọ.